Ojú Obìnrin Tí Wọ́n Họ Kúrò Lára Ògiri

Wọn ò jí pákó, wọn ò jí ìṣó, wọn ò fọwọ́ kan àgádágodo ẹnu ọ̀nà. Ojú ènìyàn ni wọ́n mú lọ.

Ọlọ́dà, ọkùnrin tó ń ya àwòrán sára ògiri ìta gbọ̀ngàn eré tí àdúgbò ń kọ́ lọ́wọ́, ló kọ́kọ́ rí i. Ó gbé garawa ọ̀dà dé láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó fẹ́ lọ parí irùngbọ̀n bàbá àgbà kan, ló bá rí àlàfo funfun láàárín àwọn ojú yòókù, bí ẹnu ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká eyín. Garawa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Igbe tó ké mú kí àwọn tó ń fọ ẹnu lẹ́yìnkùlé sáré wá pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu.

Káfíńtà, olórí ẹgbẹ́ eléré àdúgbò náà, wo ògiri, ó káwọ́ lérí.

"Wọ́n ti pa wá," ló wí.

Kò sọ àsọdùn. Ilé ìkẹ́rù àtijọ́ ni ẹgbẹ́ náà fẹ́ sọ di gbọ̀ngàn eré, owó ni kò sí. Wọ́n kọ̀wé sí ìjọba, ìjọba ní kí wọ́n máa retí. Wọ́n retí títí ìrètí fi hu ewú. Wọ́n ń fọ mọ́tò gba owó, owó ọṣẹ nìkan ni wọ́n rí níbẹ̀. Onísìmẹ́ǹtì, ọlọ́jà ńlá tó wà ní ìkóríta, ní òun á san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí wọ́n bá fi gbogbo ògiri ìta kọ orúkọ ilé ìtajà òun. Wọ́n ní rárá o. Ìyàwó Káfíńtà ló wá dá àbá ojú: kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú fọ́tò ẹni tí wọ́n fẹ́ràn wá, kí wọ́n dá ohun tí agbára wọn bá ká, kí Ọlọ́dà sì ya ẹni náà sára ògiri fún gbogbo ayé rí. Àbá yẹn ràn bí iná ìgbẹ́. Ẹni tí kì í yọ́nú sí eré rárá rí owó fún ojú ìyá rẹ̀. Owó ojú ni wọ́n fi ra pákó orí ìtàgé, òun náà ni wọ́n fẹ́ fi ra iná àti àga.

Ní báyìí, oníkálukú ń rò pé ojú tòun ló kàn. Kí oòrùn tó mú, àwọn kan ti ń béèrè owó wọn padà. Ẹnì kan wo aládùúgbò rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó ní, "Àbí ẹ̀yin ni? Ṣebí ẹ ní wọn ò ya bàbá yín lọ́nà tó wù yín." Ẹni tí wọ́n bá wí kò dákẹ́.

"Ojú ta ni wọ́n họ?"

Obìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí dúró lẹ́yìn wọn, ó wọ bàtà rọ́bà, ó sì gbé gíláàsì sí iwájú orí. Atọpinpin ni wọ́n ń pè é. Ó ti fẹ̀yìn ti iṣẹ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì fẹ̀yìn tì í. Sájẹ́ǹtì kan tó kọ́ níṣẹ́ nígbà kan rí tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ẹni tó lọ pè é wá ni Onífọ́tò, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó dé sí àdúgbò náà láìpẹ́, tó ń ya fọ́tò ògiri náà lọ́fẹ̀ẹ́ kó lè fi í sórí ẹ̀rọ ayélujára, kí àwọn ará ọ̀nà jíjìn náà lè dá owó.

"Mà, ẹ bá wa wá ẹni tó ṣe é," Onífọ́tò wí, ó ń làágùn. "Bó bá jẹ́ owó iṣẹ́ yín ni, èmi á san án."

"Ọ̀rọ̀ owó kò tíì kàn," ni Atọpinpin dáhùn. "Mo ní ojú ta ni?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀.

*

Ọlọ́dà jókòó sórí garawa tó dojú dé, ó ń ṣàlàyé.

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngàn, mo bá nǹkan nílẹ̀ nínú ọ̀rá. Ẹnì kan ló ti í gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Owó gidi ni, mà, ó ju ti ẹnikẹ́ni lọ, pẹ̀lú fọ́tò ọ̀dọ́bìnrin kan. Kò sí orúkọ. Káfíńtà ní kí n yà á, pé bóyá ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ń tijú ni."

"Ìgbà wo lo yà á tán?"

"Àná, nírọ̀lẹ́."

"Fọ́tò náà dà?"

Ó yọ ọ́ nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì. Atọpinpin gbà á, ó bọ́ gíláàsì rẹ̀. Sájẹ́ǹtì ti mọ̀ ọ́n sí bẹ́ẹ̀: bó bá fẹ́ rí nǹkan dáadáa, gíláàsì ló kọ́kọ́ máa ń bọ́. Ọ̀dọ́bìnrin ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ kíkún ló wà nínú fọ́tò náà, irun dídì ló wà lórí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Lábẹ́ etí rẹ̀ òsì, nǹkan dúdú kékeré kan wà bí hóró ata.

"O ò ya eléyìí sí i?"

"Ìyẹn? Mo rò pé ìgbẹ́ eṣinṣin ni, mà. Mi ò yà á."

Atọpinpin fi àtàǹpàkò ra ojú ibẹ̀. Kò kúrò.

"Eṣinṣin yìí mà burú o," ló wí. "Ẹlòmíràn ti rí fọ́tò yìí?"

"Káfíńtà fojú gán-án-ní i. Kò gbà á lọ́wọ́ mi. Inú àpò àyà mi ló ti wà láti ọjọ́ náà."

"Fi sílẹ̀ fún mi. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, sọ pé ọ̀dà dà sí i lórí, ó ti bàjẹ́. Ẹnikẹ́ni ni mo wí. Títí kan Káfíńtà."

"Ṣé Káfíńtà ni ẹ fura sí ni?"

"Ìwọ náà ni mo fura sí. Dìde, kí n wo ògiri."

Ó wo ògiri náà bí ẹni ń ka ìwé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Ó tún dìde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan ibi tí wọ́n họ.

"Sájẹ́ǹtì, kí lo rí?"

"Ìkórìíra, Màámi. Ẹni tó kórìíra obìnrin yìí ló ṣe é."

"Tún wò ó. Ojú ọmọdé tó wà lápá ọ̀tún, ṣé wọ́n kàn án?"

"Rárá."

"Ti bàbá onífìlà tó wà lápá òsì ńkọ́? Wọn ò kan fìlà rẹ̀ pàápàá. Ọ̀dà tí wọ́n họ sílẹ̀ dà? Kò sí èérún kankan. Ẹni náà gbálẹ̀, ó kó o lọ. Ta ló ń bínú tó tún ń gbálẹ̀?"

Sájẹ́ǹtì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú ọ̀gá rẹ̀, ó gbé e mì.

"Wá wo ibí yìí. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ́, ó fi ṣọ́ọ̀kì fàlà yí i ká, kó má baà ṣèèṣì kọjá sí ojú ẹlòmíràn. Ẹni yìí bọ̀wọ̀ fún ògiri náà. Ojú kan ṣoṣo ni kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí."

*

Ṣùgbọ́n àdúgbò ti dájọ́ ní tiwọn. Obìnrin oníbúrẹ́dì ní òun rí Onísìmẹ́ǹtì nídìí ògiri nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa. Nígbà tí Atọpinpin dé ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà, èrò ti kún ẹnu ọ̀nà, ẹnì kan sì ti di òkúta mọ́wọ́.

"Mo débẹ̀," Onísìmẹ́ǹtì gbà. Ọkùnrin tó sanra ni, òógùn ti mú ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ rẹ gbindingbindin. "Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn na ara ní ìdájí?"

"Pẹ̀lú téèpù ìwọnlẹ̀ nínú àpò?"

Ojú tì í. Kò mọ̀ pé téèpù náà ń yọ nínú àpò òun.

"Ó dáa. Mo lọ wọn ògiri ni. Mo gbọ́ pé owó wọn ti ń tán lọ, mo ní bóyá wọ́n á padà wá bá mi. Mo fẹ́ mọ bí orúkọ mi ṣe máa gùn tó lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀ ni ojú yẹn ti lọ, mà! Mi ò lè sọ, torí mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n máa mú."

"Irọ́ ni!" ẹnì kan pariwo látẹ̀yìn.

Atọpinpin yíjú sí èrò náà. "Ẹni tó fẹ́ gba oko kì í fi abẹ́rẹ́ ro ó. Bó bá jẹ́ òun ni, gbogbo ògiri ni ì bá bu ọ̀dà dúdú sí. Ẹ sọ òkúta yẹn sílẹ̀, kó má lọ bọ́ sí yín lẹ́sẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń lọ lójú títì, Sájẹ́ǹtì ní, "Màámi, ta ló wá kù?"

"Ṣọ́ọ̀kì ló kù. Ti ilé ìwé máa ń nípọn, ó sì máa ń gbọ̀n dànù. Ìlà orí ògiri yẹn tín-ín-rín, àwọ̀ búlúù ni, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn bí ọ̀rá. Ta ló ń lo irú ẹ̀?"

Sájẹ́ǹtì dúró gbọnrangandan. "Aránṣọ! Àǹtí tó ń rán aṣọ ìkélé fún gbọ̀ngàn. Kí n lọ gbé e?"

"Ẹsẹ̀ rẹ yá ju ọpọlọ rẹ lọ, ọmọ mi. Èmi nìkan ni mo ń lọ. Mo fẹ́ tú síkẹ́ẹ̀tì."

*

Ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Aránṣọ kò fẹ̀ ju kí ènìyàn méjì jókòó lọ. Aṣọ ìkélé pupa ńlá náà gba gbogbo ilẹ̀ bí ẹran tó sùn. Obìnrin náà jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó rí tín-ín-rín, ó fa ìborùn wá bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Ṣọ́ọ̀kì búlúù pẹlẹbẹ wà lórí tábìlì.

"Ẹ bá mi tú ìbàdí eléyìí, ẹ jọ̀ọ́," ni Atọpinpin wí. "Ìbàdí mi ń pọ̀ sí i, owó ìfẹ̀yìntì mi ń dín kù."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó nawọ́ gba síkẹ́ẹ̀tì. Bó ṣe nawọ́ ni ìborùn sún sẹ́yìn, Atọpinpin sì rí àmì dúdú kan lábẹ́ etí òsì rẹ̀, tó rí bí hóró ata.

Ó dúró títí obìnrin náà fi wọn síkẹ́ẹ̀tì tán. Lẹ́yìn náà ló gbé fọ́tò sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀kì.

"Ẹ rẹwà gan-an níbí," ló wí jẹ́jẹ́.

Obìnrin náà kò wo fọ́tò. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò.

"Ta ló rán yín sí mi?"

"Mo rò pé ẹgbẹ́ eléré ni," Atọpinpin dáhùn. "Ní báyìí, n kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ mọ́."

Àǹtí Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kò gbóhùn sókè. Ọjọ́ tí òun parí iṣẹ́ kíkọ́ ni wọ́n ya fọ́tò náà. Méjì ni wọ́n tẹ̀. Òun ti sun ọ̀kan. Ìkejì wà lọ́wọ́ ọkọ òun, ní ìlú tí òun ti sá kúrò lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé òun lẹ́rẹ̀kẹ́ torí pé òun ní òun fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tòun. Òun fẹjọ́ sùn. Kí ọlọ́pàá tó dé, ọkọ náà ti sá lọ. Òun náà kò dúró.

"Lánàá ni mo lọ wọn ibi tí aṣọ ìkélé máa gbé rọ̀. Bí mo ṣe ń jáde, mo gbójú sókè, mo bá ara mi lára ògiri ìta. Ọkọ mi gbọ́ pé mo wà nílùú yìí, mà, kò mọ ilé. Ó mọ̀ pé bí ojú mi bá wà níta, ọjọ́ kan ni ẹnì kan máa sọ pé, ẹ wò ó, ó mà jọ aránṣọ wa."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó ga. Ó dúdú. Nígbà náà, ó fá irùngbọ̀n kodoro."

"Irú wọn pọ̀ ju ewé lọ. Ó sì lè ti rán ẹlòmíràn. Kí ló dé tí ẹ ò tíì sá?"

Obìnrin náà wo aṣọ pupa tó wà nílẹ̀. Àpò ìrìnàjò kan wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti dì í.

"Mo ní kí n parí etí aṣọ yìí ná. Wọ́n ti fún mi ní òwú."

Atọpinpin dìde. "Ẹ lọ sílé mi, ẹ gba ẹ̀yìnkùlé. Ẹ ò gbọdọ̀ jáde wá wo ẹnikẹ́ni, torí bí ẹ bá rí i, òun náà á rí yín."

Lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ kan ń ta á lọ́kàn bí ẹ̀gún. Káfíńtà ń sunkún ògiri. Ọlọ́dà ń sunkún iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn onílé ń sunkún owó. Ẹnì kan péré ni kò bìkítà fún ògiri, ta ló họ ọ́ nìkan ló ń béèrè, òun náà ló sì sáré wá pè é, tó tún fẹ́ sanwó. Ojú tó fi dẹ tàkúté sára ògiri kò tíì mú ẹran, ṣùgbọ́n ẹran ti fi ipasẹ̀ rẹ̀ hàn. Ó wá ajá tó lè gbóòórùn ẹsẹ̀ náà.

"Ó fi mí ṣe ajá ọdẹ," ló wí fún Sájẹ́ǹtì nígbà tí wọ́n pàdé. Ohùn rẹ̀ gbẹ. "Tẹ àgọ́ ọlọ́pàá ìlú obìnrin náà láago. Béèrè ẹjọ́ áyọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Mo fẹ́ kí ẹnu rẹ̀ fà á wá fún mi."

*

Nírọ̀lẹ́, gbogbo wọn pé sínú gbọ̀ngàn, láàárín pákó àti ìyẹ̀fun igi. Onísìmẹ́ǹtì náà wá, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà torí pé kò dá a lójú pé wọ́n ti dárí jì í. Onífọ́tò jókòó níwájú pátápátá.

"Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ṣe é, mà?"

"Ó kù díẹ̀," Atọpinpin wí. "Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé Ọlọ́dà máa tún ojú náà yà. Ìṣòro wa ni pé ọ̀dà ti ba fọ́tò rẹ̀ jẹ́. Ta ló rántí bí obìnrin náà ṣe rí?"

Ariwo sọ. Ẹnì kan ní ó gùn lójú. Òmíràn ní rárá, ojú rẹ̀ rí roboto. Káfíńtà ní òun rántí irun nìkan. Atọpinpin mi orí.

"Ẹ̀yin onífọ́tò lẹ máa ń wo nǹkan fínnífínní. Ẹ ràn wá lọ́wọ́."

Ọkùnrin náà dìde. Kò lè ṣe kó má dìde. Ó ń fẹ́ kí ojú yẹn padà sára ògiri ju ẹnikẹ́ni lọ.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún," ló wí. "Àlàfo wà láàárín eyín òkè. Irun dídì ló wà lórí rẹ̀. Àti àmì dúdú kékeré kan, níbí, lábẹ́ etí òsì. Ẹ má gbàgbé àmì yẹn, òun ni ènìyàn á fi dá a mọ̀."

Ọlọ́dà la ẹnu. Atọpinpin wò ó, ó pa á dé.

"Ẹ rí i lára ògiri bẹ́ẹ̀?"

"Lára ògiri ni. Àná ni mo yà á, ó wà nínú kámẹ́rà mi."

"Ẹ jẹ́ ká wò ó."

Ó tan kámẹ́rà, ó fi ìdánilójú gbé e sókè fún wọn. Lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ wò ó. Abẹ́ etí mọ́ tónítóní, kò sí àmì kankan. Ó yára pa kámẹ́rà náà.

"Mo rò pé ìgbẹ́ eṣinṣin ni," Ọlọ́dà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mi ò yà á."

"Inú fọ́tò nìkan ló wà," ni Atọpinpin wí, "fọ́tò tí ẹnì kan tì gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?"

Onífọ́tò sáré. Ó ti tábìlì dànù, ó forí lé ẹnu ọ̀nà, ó sì lọ kọlu Onísìmẹ́ǹtì. Onísìmẹ́ǹtì kò mì. Ó kàn wo ilẹ̀, ó wo ẹni tó kọlu òun, ó ní, "Ṣé kò sí wàhálà?" Kí ẹ̀rín tó tán, Sájẹ́ǹtì ti di ọrùn ẹ̀wù Onífọ́tò mú.

"Ìyàwó mi ni mo ń wá!" ló ń pariwo. "Ṣé ó di ẹ̀ṣẹ̀ kí ọkọ wá ìyàwó rẹ̀? Owó mi lẹ fi ra pákó tẹ́ ẹ dúró lé! Ẹ sọ fún mi, ibo ló wà?"

Níbì kan lẹ́yìn, bàbá àgbàlagbà kan kùn pé lóòótọ́, ọkọ ṣì ni ọkọ. Àwọn kan mi orí pé òótọ́ ni. Atọpinpin rí i pé àánú ti fẹ́ máa yí sí ibi tí kò yẹ.

Ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Àǹtí Aránṣọ kò dúró sílé Atọpinpin bí wọ́n ṣe sọ fún un. Ó wọlé, ó gba àárín wọn kọjá, ó dúró níwájú ọkùnrin náà, ó sì tú ìborùn rẹ̀ pátápátá. Àpá náà ṣe ṣóńṣó bí imú áyọ́ọ̀nù, láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ìsàlẹ̀ etí.

"Ojú tó o ń wá nìyí," ló wí. "Wò ó dáadáa."

Ọkùnrin náà kò lè wò ó. Bàbá tó ń kùn lẹ́yìn jókòó.

"Èmi ni mo họ ògiri yín," ló wí fún àwọn yòókù. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ìyàwó Káfíńtà kàn rìn wá, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Àgọ́ ọlọ́pàá ìlú náà ti dáhùn: ẹjọ́ áyọ́ọ̀nù ṣì wà, ọkùnrin náà ni wọ́n sì ń wá. Sájẹ́ǹtì mú un lọ kí iná títì tó tàn.

*

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tó ń jẹ Káfíńtà lọ́kàn. Lọ́jọ́ Ajé, ó pe Àǹtí Aránṣọ àti Atọpinpin sínú gbọ̀ngàn.

"Owó ọkùnrin yẹn ti wọ pákó," ló wí, kò lè gbójú sókè. "Ìlàjì orí ìtàgé yìí, òun ló rà á. A ti jọ sọ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́, a ó tú u. A ó dá a padà fún un, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ òfo. Ojú yín kò gbọdọ̀ di ohun tí a fi ń jẹun."

Àǹtí Aránṣọ fọwọ́ kan etí pákó orí ìtàgé.

"Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ni mo ní nígbà náà," ló wí. "Ó tà wọ́n. Owó aṣọ tí mo rán fún àwọn ènìyàn, òun ló ń gbà á lọ́wọ́ wọn. Káfíńtà, owó ta ni ẹ rò pé ó tì gba abẹ́ ilẹ̀kùn?"

Obìnrin náà bọ́ bàtà, ó gun orí ìtàgé. Ó rìn dé àárín, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ tẹ pákó náà gbàmù, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, títí eruku fi sọ lábẹ́ rẹ̀.

"Ó le," ló wí. "Ẹ kan ìyókù."